Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Wá Apanumọ́ fún Ìbọn Rẹ̀

Ẹ fa ìjókòó yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ ti di tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ìtọ̀ ẹnikẹ́ni àfi tèmi, tèmi ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò tó èyí tó ti jáde. Bí ọ̀rọ̀ kan bá gba àárín wọn sá lọ, ẹ ní kí n tún un sọ. Ẹ má mi orí fún mi bí alángbá. Orí mímì ló dá ìtàn yìí sílẹ̀.

Ìtàn ọkọ mi ni, Ọdẹ́rìndé Àjàní, kí ilẹ̀ tó gbà á lálejò. Ẹ̀yin tí ẹ bá a láyé, arúgbó jẹ́jẹ́ lẹ mọ̀ ọ́n sí, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. Ẹ sì ti rí ìbọn rẹ̀ lára ògiri yẹn, tó kọlà sẹ́nu bí ọmọ ènìyàn. Ìgbà gbogbo lẹ ń bi mí pé olóólà wo ló ń kọlà fún ìbọn. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún, ó sì máa ń kọjú sí ògiri bó bá ń sọ ọ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ ẹ, kò jẹ́jẹ́ rárá. Bó bá ń ti oko bọ̀, ohùn rẹ̀ á ti jókòó sídìí oúnjẹ kí ara rẹ̀ tó dé. Ìbọn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un tún wá burú jù ú lọ. Olóhùn-Àrá ni wọ́n ń pè é. Bó bá dún, adìyẹ tó ń sàba á dìde lórí ẹyin, àgbà tó ń mu ẹ̀kọ á da ẹ̀kọ sí imú. Ọdẹ́rìndé a wá fi ọwọ́ gbá àyà pé, "Ẹran tí ọta mi bá ṣì, ariwo mi á pa á." Gbogbo Ìdó-Ìṣin á sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Ọmọge ni mí nígbà náà, ariwo ni mo rò pé ó ń jẹ́ agbára.

Ó wá di ọjọ́ tí a kó ọmọ Àwẹ̀ró jáde. Àwẹ̀ró ni àkọ́bí wa, ọmọ tó bí yìí sì ni ọmọ-ọmọ tí a kọ́kọ́ rí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọdẹ́yẹmí, orí bàbá àgbà wú bí ẹ̀wà tó mumi. Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ náà lọ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni, wàrà ṣì wà létí ẹnu rẹ̀, nígbà tí mo rí i tí ọkọ mi ń ki ẹ̀tù bọ ìbọn.

Mo ní, "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń sùn."

Ó ní, "Ọmọ ọdẹ kì í bẹ̀rù ìbọn."

"Kò tíì dọdẹ, ẹ̀yin ọkọ mi. Ìwọ́ rẹ̀ ò tíì jinná dáadáa."

"Jẹ́ kí ayé gbọ́ pé mo ti di bàbá àgbà."

Ó ki ẹ̀tù sí i, ó nà án sókè, ó sì yìn ín. Ayé gbọ́. Oorun náà gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Oorun kì í ṣe ènìyàn, ẹ ò tíì tọ́ ọmọ ọwọ́ rí. Obìnrin ni, ó sì lójútì. Gbogbo wa la fi ojú rí i lọ́jọ́ náà: ó ta jáde lójú ọmọ yẹn bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí, ìró rẹ̀ ń tú, gèlè rẹ̀ bọ́, ó gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ kọjá, igbó gbé e mì. Ọmọ náà lajú, ó figbe ta. Láti ìgbà náà, ojú kan kò pàdé èkejì rẹ̀ mọ́ ní Ìdó-Ìṣin.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ń fi ṣe ẹ̀rín. Àwọn ọkùnrin ń ro oko olóko. Èmi fúnra mi fi omi ọṣẹ tẹ ẹ̀bà, ọkọ mi jẹ ẹ́ tán kó tó fura, ẹnu rẹ̀ ń hó títí di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tán lórí ọmọ náà. Ọmọ tí kò sùn kì í dàgbà. Igbe rẹ̀ ń kéré sí i, ó ń dà bí ti ọmọ ológbò inú àpò, àwùjẹ̀ rẹ̀ ń jìn sínú bí ibi tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ lára ẹ̀kọ. Àwẹ̀ró gbé e sẹ́yìn, ó ń rìn yíká àgbàlá. Kò bú bàbá rẹ̀. Ó kàn dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ayé ti gbọ́ o."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èébú tí ọmọ ẹni kò bú ni, kì í ní ibi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọdẹ́rìndé gbé Olóhùn-Àrá kọ́ èjìká, ó gé itan ẹtu gbígbẹ sínú àpò, ó sì wọ igbó tí Oorun sá wọ̀.

N ó fo àwọn igbó tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó bá iwin olórí méjì pàdé, àwọn orí náà ń bára wọn jà lórí èyí tí yóò kọ́kọ́ pa á, ó gba àárín ìjà wọn kọjá. Ó bá ewúrẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò pàdé, ewúrẹ́ náà ní kó bá òun so okùn ìdí òun, ó bá a so ó, wọ́n kí ara wọn, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe ń kọjá gbogbo ìwọ̀nyí ló ń ki ara rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ẹ mọ̀ pé ẹni tẹ́rù ń bà ló máa ń ki ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ Elétí-Bí-Agbọ̀n. Iwin tó ṣọ́ oríta ni. Etí kan ṣoṣo ló ní, ó sì tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà bí ẹní, kò sí ẹni tó lè kọjá láìtẹ̀ ẹ́. Ọdẹ́rìndé dúró lórí etí náà, ó fi ohùn rẹ̀ tó tó ti àrá kí i, ó ní òun Ọdẹ́rìndé, òun ọkọ ìbọn, òun apẹranmáwẹ̀yìn. Kò tíì parí rẹ̀ tí etí náà fi ká sókè tó sì fún un lọ́rùn.

Iwin ní, "Ta ló kọ́ ọ pé ohùn ni wọ́n fi ń na ènìyàn?"

"Ẹ dákun, bàbá."

"Rọra sọ ọ́."

"Ẹ dákun, bàbá."

"Ó dáa. Bí o bá já àlọ́ mi, wà á kọjá. Kí ló ń wọ ààfin ọba tí kò kí ẹ̀ṣọ́—"

Ọdẹ́rìndé já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Àgbàrá òjò."

Iwin wò ó títí. "Àgbàrá, ìta ló ń gbà kọjá, ọmọ tó ń rá ló mọ ìyẹn. Mi ò tíì parí àlọ́ mi. Mo ní, èyí tó ń wọ ààfin tí kò kí ẹ̀ṣọ́, tó ń gun ibùsùn olorì tí ọba ò bínú, tó sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba láìparí. Bóyá o ti gbọ́ ọ báyìí."

Orí Ọdẹ́rìndé wálẹ̀. Ó ní, "Oorun ni. Òun náà ni mò ń wá."

"Mo mọ̀. Gbogbo igbó yìí ló gbọ́ ohun tí o fi lé e wá." Iwin wá tú ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì là á yé e. Abẹ́ igi ayùnrẹ́ kan ni Oorun sùn sí. Ẹyẹ Olójú-Káàkiri, tí ara rẹ̀ kún fún ojú, ti ki èékánná bọ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Láìpa ẹyẹ náà, kò sẹ́ni tó lè gbé Oorun kúrò níbẹ̀. Bí ìbọn bá sì dún, Oorun á jí, ibi tí yóò sá lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ènìyàn kò débẹ̀ rí. "Nítorí náà, lọ sí ìlú Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí wọ́n fún ọ ní apanumọ́. Irin oníhò ni, gígùn rẹ̀ tó ìgò epo, wọ́n máa ń fi bọ ẹnu ìbọn, á gbé ariwo mì kó tó jáde. Ṣùgbọ́n fetí sí mi. Gbogbo apanumọ́ ló lè pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n ṣe dè é mọ́ ìbọn ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdè ni kí o yàn dáadáa. Ohun tí o ò bá sì gbọ́ níbẹ̀, sọ pé o ò gbọ́. Àìgbọ́ kì í ṣe àbùkù."

Ọdẹ́rìndé ní òun ti gbọ́.

Ìlú Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rèé, ìlú tí ariwo ti jẹ́ èèwọ̀. Wọ́n fi àkísà wé orí ọmọ odó. Wọ́n fi òwú di kàkàkí ọba, afunfèrè ń fi gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ fun un, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wí. Àwọn ewúrẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹnu kò sì gbọdọ̀ ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún àlejò kan.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa, ẹ ti rí ìyọnu tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa, òkè ló ń gùn tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òkè á wó, kòtò á dí, ilẹ̀ á tẹ́jú pẹrẹsẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ á jọ ara wọn bí ìbejì inú òkùnkùn. Ọkùnrin kan súnmọ́ Ọdẹ́rìndé, ó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un. Ọdẹ́rìndé kò mọ̀ bóyá ọkọ́ ni, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀, tàbí pé ọkọ ẹnì kan ń bọ̀ wá bá a jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Obìnrin kan sọ tirẹ̀. Ó tún mi orí. Ojú ń tì í láti sọ pé òun ò gbọ́, òun ọdẹ tó ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ èkúté lábẹ́ ewé.

Báyìí ló ṣe dé àgbẹ̀dẹ Ìyá Ẹwìrì. Arúgbó obìnrin ni, apá rẹ̀ le bí gbòǹgbò, òun nìkan ló ń rọ apanumọ́ ní ìlú yẹn. Apanumọ́ mẹ́ta ló wà lójú ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn náà sì ń sọ̀rọ̀, nítorí òfin ìlú kò mú irin.

Èkíní ní, "Awọ ni wọ́n ń fi so èmi. Wọn kò ní fọwọ́ kan ìbọn rẹ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pa mí, mo máa ń dẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bú mi."

Ọdẹ́rìndé kọjá lórí ìyẹn. Ta ló ń so ìbọn bàbá rẹ̀ bí ẹni so àgbò?

Èkejì kò dán, ohùn rẹ̀ sì wúwo. Ó ní, "Oníyíyí ni mí. Inú mi ní ilà tó ń yí lọ bí inú ìkarahun ìgbín. Kí n tó wọ̀ ọ́, ẹnu ìbọn rẹ gbọ́dọ̀ kọ ilà tó bá tèmi mu. Yóò dùn ún. Wà á máa yí mi, wà á máa yí mi, títí tí n ó fi kọ̀. Mo máa ń pẹ́ kí n tó wọlé ọkọ. Bí mo bá ti wọlé tán, ẹni tó bá fẹ́ lé mi jáde, kó kọ́kọ́ jẹun yó."

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ Ìyá Ẹwìrì gan-an, ó ń fi ewé ìpín dán an, ó ń kọ mànà. Òun náà ní, "Gbámú ni orúkọ mi. Eyín mẹ́ta ni mo ní, gbámú ni mo ń gbá ẹnu ìbọn mú. Kí o tó ṣẹ́jú, mo ti dé. Bí o bá fẹ́ kí n lọ, mo ti lọ. Àpá kan kò ní sí lẹ́nu ìbọn rẹ. Wo ara mi."

Ẹ̀yin ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí yín. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkùnrin rí. Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan kí n tó mọ Ọdẹ́rìndé, mo kó ẹrù mi lọ bá a, mo sì ń dán ìkòkò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ti lọ. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

Ọdẹ́rìndé fẹ́ràn Gbámú lójú ẹsẹ̀. Ìdílé wọn kì í kọlà, báwo ni yóò ṣe wá gbé ìbọn bàbá rẹ̀ délé pẹ̀lú ilà lẹ́nu? Ó tún ti ń rí ara rẹ̀ lójú agbo àwọn ọdẹ nílé, tó ń fi ọwọ́ kan ṣe é, gbámú, tí wọ́n ń lanu. Ṣùgbọ́n ó rántí iwin, ó wólẹ̀, ó bi arúgbó náà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyá, ìdè wo ni kí n mú nínú wọn?"

Ìyá Ẹwìrì gbójú sókè. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tirẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ láìní òkè, láìní kòtò. Ọdẹ́rìndé gbọ́ "yìí". Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ohun kan rá nínú rẹ̀ pé kò dá a lójú, "ẹ tún un wí" dé góńgó ahọ́n rẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn ará ìlú tó tò sílẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ó gbé e mì. Ó mi orí, ó gbé itan ẹtu kalẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba Gbámú. Arúgbó náà di Gbámú mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti tán.

Ọ̀sán gangan ló dé ibi igi ayùnrẹ́. Igi náà ti pa ewé rẹ̀ dé nínú oòrùn. Ohun gbogbo tó yí i ká ló ń sùn: ìjàlọ tò lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń sùn, ejò kan ti gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì dé ìbàdí, òun àti ọ̀pọ̀lọ́ ń hanrun. Oorun na ara lélẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ rọrí. Ẹyẹ náà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ojú ara rẹ̀ là sílẹ̀ rekete.

Ọdẹ́rìndé yọ Gbámú. Gbámú, ó dé orí ìbọn. Ó rí i pé eyín kan kò dénú ilé rẹ̀, tí irin náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bí fìlà ọ̀mùtí. Ó rí i dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò rí i. Ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀." Ó sì yìn ín.

Ọta jáde, kò bá ojú ọ̀nà, ó gba ẹ̀gbẹ́ Gbámú ya. Olóhùn-Àrá ké bí kò ṣe ké rí. Gbámú fò sókè, ó balẹ̀ lórí òkúta, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, gbámú, gbámú, gbámú, ó yí gbirigbiri, ó sì dúró sí etí Oorun.

Ìjàlọ ta. Ọ̀pọ̀lọ́ jáde lẹ́nu ejò, kò dágbére. Oorun dìde jókòó. Ọdẹ́rìndé dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, irùngbọ̀n rẹ̀ ń rú èéfín, gbogbo ojú ara ẹyẹ yẹn ló ń wò ó.

Oorun ní, "Ta nìyẹn?"

Ìgbà náà ló wá rántí pé ó yẹ kí òun rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ọdẹ ni."

"Ọ̀dẹ̀," ni Oorun wí. Ó mi orí. "Mo rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Ó la ẹnu láti tún un ṣe. Ó wo irin tó ya nílẹ̀, ó wo ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ wo ló fẹ́ tú níbẹ̀?

"Ìwọ lo yìnbọn lé mi lórí nígbà tí mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀."

"Èmi ni, màmá."

"O sì tọ̀ mí wá débí, kí o tún yìn ín."

"Mo fẹ́ kó má dún ni."

Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀rín àrínjù, yíyán ló máa ń bí. Ó yán. Ó ní, "Ǹ bá sá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí ti rẹ̀ mí. Ẹyẹ tí mo sì rò pé ó ń ṣọ́ mi, ó kàn ń ya mí láṣọ. N ó sùn díẹ̀ sí i. Lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe. Bó bá tún dún, n ó lọ pátápátá. Ọmọ yẹn kò ní rí mi mọ́, o sì mọ ohun tó kù fún un." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ rọrí, ó sùn.

Ọdẹ́rìndé sọ fún mi pé ọ̀nà tí ó tọ̀ padà sí Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ejò bá bu òun jẹ lójú ọ̀nà yẹn, òun ìbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú náà ló ti gbọ́ ìró náà. Wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Èjìká ń gbọ̀n, ikùn ń mì, omijé ń dà, kò sì sí ariwo kankan. Ẹ̀rín tó bá ní ariwo, ènìyàn lè bínú sí i. Ti wọn kàn ń rọ̀ lé e lórí bí eérú ni.

Ó wọ àgbẹ̀dẹ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èédú. Ó ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́ ọ. Mo kàn mi orí ni. Ẹ dákun, ẹ tún un wí."

Ọ̀rọ̀ tí òfin fún arúgbó náà láti sọ fún un, ó ti sọ ọ́, kò sí òmíràn. Ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, èédú lára, ẹ̀tù lójú. Kò mọ̀ nípa ọmọ kankan, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́mọ mọ ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó dìde. Ó fi ohùn gidi sọ̀rọ̀, ohùn tó ní òkè, ohùn tí ìlú yẹn kò gbọ́ rí:

"Yí i."

Ìkòkò mì lórí ààrò. Ewúrẹ́ oníbọ̀sẹ̀ kan dákú. Ìyá Ẹwìrì fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, bí ọmọge tó só níwájú àna. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti gun òkè rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣì í gbọ́. Kì í ṣe "yìí". Yíyí ni ó ní kó yí i. Oníyíyí ni ó ní kó mú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọlà fún Olóhùn-Àrá lọ́jọ́ náà. Ọdẹ́rìndé ló dì í mú, gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe ń di ọmọ mú fún olóólà, ìbọn náà sì ń ké ní ohùn bàbá rẹ̀ tó ti kú pé, rọra, Àjàní, rọra. Arúgbó náà ń gé ilà lọ yíká ẹnu rẹ̀, ó ń nu ún, ó ń gé e. Nígbà tó parí, Ọdẹ́rìndé mú Oníyíyí, ó ń yí i. Ó yí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìkánjú ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó rántí "ó tó bẹ́ẹ̀" tí òun wí lábẹ́ igi, ó tún un yí. Ó yí i títí irin fi kọ̀. Kó tó ki ẹ̀tù, ó fi ojú wo inú rẹ̀, ihò ìbọn àti ihò apanumọ́ wà lórí ìlà kan, ìmọ́lẹ̀ roboto, láìsí òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ fẹ́ gbọ́ bí ìbọn náà ṣe dún lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó padà dé abẹ́ igi ayùnrẹ́. Ẹ wo ẹnu mi. Bí ìgbà tí mo bá tu èèpo obì láàárín eyín tó kù. *Tù.* Bẹ́ẹ̀ péré. Àwọn ojú ara ẹyẹ náà ń pa dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa àtùpà ilé, ó sì yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ kúrò lórí aṣọ. Oorun kò mira. Ìjàlọ kò ju ẹrù sílẹ̀. Ejò nìkan ló ń kùn lójú oorun rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ kò padà wá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé Oorun? Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e sí. Ọkọ mi, tó ń fi ohùn pa ẹran, tú ìgbànú ọdẹ rẹ̀, ó fi pọ̀n obìnrin àgbàlagbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì í lẹ́yìn bí ọmọ-ọ̀dọ̀. Ewúrẹ́ oníṣòkòtò rí i. Orí méjì iwin yẹn rí i, wọ́n sì fẹnu kò lórí ohun kan fún ìgbà àkọ́kọ́. Elétí-Bí-Agbọ̀n ká etí rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà fún un. Èémí Oorun ń fẹ́ sí i lọ́rùn ní gbogbo ọ̀nà, ẹlòmíràn ìbá ti ṣubú sùn ní ẹsẹ̀ igi. Ojú tó ń tì í ni kò jẹ́ kó sùn. Ẹni tójú ń tì, oorun kì í mú un, ì báà pọ̀n ọ́n sẹ́yìn.

Síbẹ̀, ẹ mọ ọkùnrin. Bó ṣe ku díẹ̀ kó délé, ó ti ń to ìtàn náà pọ̀. Ibi tí Gbámú ti fò, ó ti yọ ọ́. Ibi tó ti dọ̀bálẹ̀ lórí èédú, ó ti sọ ọ́ di ìkíni. Ó bá àwọn ọkùnrin tó ń ro oko olóko lẹ́yìn ilé, ó lanu láti ki ara rẹ̀, wọ́n wó lulẹ̀ lórí ebè, oorun gbé wọn. Ó bá baálẹ̀ lójúde, baálẹ̀ ní, "Ẹ kú—," kò parí rẹ̀. Mo jókòó nídìí ààrò, mo rí ọkọ mi tó ń bọ̀ pẹ̀lú obìnrin lẹ́yìn, mo dìde láti bèèrè ẹni tí í ṣe, mo sì sùn lórí ìdúró pẹ̀lú owú lẹ́nu. Nígbà tí mo jí, owú náà ṣì wà níbẹ̀, mi ò kàn rántí ẹni tí mo fẹ́ fi jẹ.

Kò sí ẹnì kan tó kù tó lè gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ó wọ yàrá Àwẹ̀ró. Ọmọ ti sùn lórí àyà ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń fa ọmú tí kò sí níbẹ̀. Ìpéǹpéjú Àwẹ̀ró náà ti ń pàdé. Ó gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Ọdẹ́rìndé wo ọmọ náà. Ó rọra sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé èémí lásán ni:

"Ọdẹ ni."

Àwẹ̀ró kò la ojú. Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ rọra jókòó."

Ó jókòó. Gbogbo Ìdó-Ìṣin ń hanrun, òun nìkan ló ṣọ́ wọn, ìbọn tó kọlà wà lórí eékún rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí ilẹ̀ fi gbà á, ohun tí kò bá gbọ́, á ní kí ẹ tún un sọ, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí yóò fi sú yín. Ṣùgbọ́n èyí tí Àwẹ̀ró gbọ́ lọ́jọ́ yẹn nínú ọdẹ àti ọ̀dẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò bèèrè.

Ẹ gbé mi dìde, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo ti yí ìtàn yìí títí ó fi kọ̀.